Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ìwé mẹ́ta: Bí pátákó orí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ibi tí ọjà ń gbà sọnù han oníṣòwò Ìgbómìnà

Ká ní oníṣòwò kan wà tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní fíìdì. Òmù-Àrán ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ wà. Nígbà tí ọjà ń tà, ó ṣí èkejì sí Èsìẹ́, ó sì gba ẹ̀kẹta sí Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ti pàdé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Òmù-Àrán ń kọ ọjà tó bá tà sínú ìwé ńlá kan. Ti Èsìẹ́ ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ti Àjàṣẹ́-Ìpo máa ń pe ọ̀gá lórí fóònù lálẹ́, bó bá rántí. Tí oṣù bá parí, ọ̀gá á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á ṣírò, á tún un ṣírò, síbẹ̀ iye tó wà nínú ìwé kò ní bá iye tó wà ní báǹkì mu. Ta ló jẹ owó? Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹni tó lè ṣàlàyé ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ohun tí wọ́n sì fi ń kojú rẹ̀ ni íntránẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́lé ni, ojú-ewé iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó ní pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló lè ṣí i. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé dáṣíbọ́ọ̀dù sí. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ara mọ́tò ni wọ́n ti yá a. Bí dírẹ́bà ṣe ń wo pátákó iwájú rẹ̀, tó ń rí iye epo tó kù àti bóyá ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná láìsọ̀kalẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá iléeṣẹ́ ń wo ojú-ewé kan ṣoṣo, tó ń rí ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tà, ohun tó kù nílẹ̀ àti gbèsè tó wà níta.

Ó lè ya èèyàn lẹ́nu pé ìdí tíì àti kéèkì ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ J. Lyons nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ilé ìtajà tíì káàkiri, wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì wọn fúnra wọn. Lọ́dún 1951, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kan tí àwọn fúnra wọn kàn, tí wọ́n pè ní LEO, ṣírò iye tí ohun tí wọ́n ń yan jẹ́. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kà á sí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ òwò láyé. Lọ́dún 1954, wọ́n fi kan àwọn ilé ìtajà tíì náà. Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ti ní àkọsílẹ̀ ohun tó máa ń gbà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Bí nǹkan kan bá yí padà ló máa ń sọ fún olú iléeṣẹ́ lórí fóònù, ohun tó yí padà yẹn nìkan ló sì máa sọ. Wọ́n á lu ú sára káàdì, LEO á kà á, á sì gbé ìwé jáde nípa iye ẹrù tó yẹ kó lọ síbi kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà o. Fóònù ni wọ́n lò.

Ní Nàìjíríà, àwọn báǹkì wà lára àwọn tó tètè mọ̀ pé wọ́n nílò rẹ̀. Lọ́dún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Àwọn tó para pọ̀ bá ara wọn pẹ̀lú ẹ̀ka rẹpẹtẹ tí kálukú ti ní bó ṣe ń kọ ìwé tirẹ̀, àfi kí ìṣirò gbogbo wọn pàdé lójú kan. Microsoft ti gbé SharePoint jáde lọ́dún 2001 fún irú ojú-ewé abẹ́lé bẹ́ẹ̀. Power BI, tó ń sọ ìṣirò di àwòrán, tẹ̀lé e lọ́dún 2015.

Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n ṣí Open Treasury Portal kí aráàlú lè máa rí owó tí ìjọba ń san lójoojúmọ́. Gbogbo ayé ló lè ṣí i, nítorí náà íntránẹ́ẹ̀tì kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kan oníṣòwò gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àjọ BudgIT àtàwọn oníròyìn tú u wò, wọ́n rí owó tí wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ láìkọ ohun tí wọ́n ná an lé lórí. Nígbà tó yá, ìròyìn ojoojúmọ́ ọ̀hún kò jáde déédéé mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá dára tó o, ohun tí wọ́n bá kọ sí i náà ló máa gbé jáde.

Àwọn alájọ mọ èyí tipẹ́. Káàdì kan wà lọ́wọ́ oníbàárà, àkọsílẹ̀ kan wà lọ́wọ́ alájọ, ọjọ́ tí ẹni náà bá sì dá owó ni wọ́n máa sàmì sí méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá bá ara mu, ariwo á sọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ló máa sọ, kò ní dúró di oṣù mẹ́ta.

Ká wá padà sí ṣọ́ọ̀bù Òmù-Àrán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àpò fíìdì 60 ló wà nílẹ̀. Ọkọ̀ já 40 sí i. Wọ́n ta 71. Ó yẹ kó ku 29, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kà á lálẹ́, 27 ni wọ́n bá. Tí àpò kan bá jẹ́ 20,000 náírà, ọjà 1,420,000 náírà ni wọ́n tà: 400,000 jẹ́ owó lọ́wọ́, 620,000 wọlé sí báǹkì láti orí fóònù, 300,000 gba orí POS, 100,000 jẹ́ àwìn. Owó pé. Àpò méjì ni kò pé. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń tẹ iye wọn sójú kan náà, ìlà yẹn nìkan ló máa yọ ní pupa, ọ̀gá á sì rí i kó tó sùn. Bóyá àpò méjì náà bẹ́, bóyá ẹnì kan gbé e tí wọn kò kọ ọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣì máa rántí.

Kò yẹ kí wọ́n da owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀ o. Láti ìgbà tí náírà wọ́n bí ojú níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó, ni àwọn tó ń ta ata pàápàá ti ń gba owó sórí fóònù. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń gbà á sí àkáǹtì ọ̀gá, sí ti ìyàwó rẹ̀, àti sí ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Pátákó kankan kò lè tú irú ìyẹn.

Ibi tó ti máa ń le ni kí gbogbo wọn fẹnu kò lórí ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Kí ni "mo tà á"? Ẹnì kan á ka àwìn mọ́ ọn, ẹlòmíì á ní ó dìgbà tí wọ́n bá sanwó. Bí wọ́n bá tú àpò kan tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà, ìgbà wo ló di àpò tí wọ́n ti tà? Tí Èsìẹ́ bá kà á bákan, tí Àjàṣẹ́-Ìpo kà á bákan, àròpọ̀ orí pátákó kò wúlò fún nǹkan kan.

Kíka náà sì ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Èsìẹ́ kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, ní ère òkúta tó tó 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1978 ni ìwé Phillips Stevens lórí àwọn ère náà jáde, tó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ère tí wọn kò kọ sílẹ̀ pé ó wà, ta ló máa mọ̀ bó bá sọnù? Kí oníṣòwò náà ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí méjì, kó ka gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀, kó tó tẹ nọ́ńbà kankan sórí fóònù.

Oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kò nílò SharePoint. Google Sheets tí kò gba owó, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, lè ṣe é: ojú-ewé kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ọ̀gá tó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní Yunifásítì Landmark tó wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Ọ̀rọ̀, lè bá èèyàn tò ó. Ṣùgbọ́n ímeèlì ọ̀gá ni kí wọ́n fi ṣí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó tò ó. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù rí ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nìkan, ọjọ́ tó bá sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ra àwìn kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè máa wò. Òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, kan irú rẹ̀.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè rò pé torí pé wọ́n ka òun sí olè ni wọ́n ṣe gbé e dé. Ká sọ tòótọ́, ọ̀gá ló sábà máa ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ jù. Ó ya ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé àpò kan fún àna rẹ̀, ó mú 5,000 náírà nínú dúrọ́ọ̀ fi ra epo, kò kọ ọ́. Bí kò bá sí ìlà kan tí orúkọ rẹ̀ wà, "ohun tí ọ̀gá mú", tí òun náà sì ń kọ ọ́ níwájú ọmọ ṣọ́ọ̀bù, àpò méjì ọjọ́ Ajé yẹn yóò máa sọnù lọ.

Ìwé kò ní tán nílẹ̀ nítorí iná àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Lálẹ́ tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí wọ́n kọ ọ́ síwèé. Bó bá dé lọ́jọ́ kejì, déètì ọjọ́ tí wọ́n ta ọjà ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá fi déètì ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i, pátákó á ní ọjà ọjọ́ Ajé kò tà rárá, tọjọ́ Ìṣẹ́gun á sì di ìlọ́po méjì.