A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìdarí Àfínnúfíndọ̀ṣe nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Ó Ní Ìpèníjà Ìdàgbàsókè



Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìdarí ẹgbẹ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ni ohun èlò iṣẹ́ tiwa, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí ni 'olórí'. Nínú èdè wa, olórí ni ẹni tí ó ń ṣáájú àwọn ènìyàn. Olórí náà sì ni ẹni tí ó ni orí tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà bá wí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ìtumọ̀ kejì yìí ni wọ́n ń lò. Ìbéèrè mi nìyí: nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí àwọn tí ọpọlọ tàbí ara wọn kò dàgbà bí ti àwọn ojúgbà wọn, ta ni olórí? Ṣé ẹni tí ó jókòó lórí àga alága ni, àbí ẹni tí a ń torí rẹ̀ ṣe ìpàdé?

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tí mo ń bá wí. Ní 1970 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi orúkọ kan kó wọn pọ̀, tí a lè túmọ̀ sí àwọn tí ó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè. Bí òfin náà ti rí báyìí, ìpèníjà náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 22, kí ó jẹ́ irú èyí tí kò ní í tètè kúrò lára rẹ̀, kí ó sì ṣe ìdíwọ́ ńlá fún un nínú ohun mẹ́ta, ó kéré tán, nínú méje tí òfin kà sílẹ̀. Lára ohun méje náà ni ìtọ́jú ara ẹni, èdè sísọ àti gbígbọ́, ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìrìn rírìn, àti ìpinnu ṣíṣe fún ara ẹni.

Èdè tiwa pín ojú tí a fi ń wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì. A ní èébú, bí 'dìndìnrìn' àti 'sùẹ̀gbẹ̀'. A sì ní orúkọ ọ̀wọ̀, 'ẹni òrìṣà', tí a fi ń pe afín, abuké, arọ àti irú wọn, nítorí ìgbàgbọ́ pé Ọbàtálá tí ó mọ ènìyàn ni ó mọ wọ́n bí wọ́n ti rí. Lóde òní, 'àkàndá ẹ̀dá' ni ó gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé èébú àti ọ̀wọ̀ jọra ní ibì kan: ẹlòmíràn ni ó sọ ènìyàn náà ní orúkọ, a kò bi í léèrè.

Ìyá kan àti lẹ́tà kan

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó ti mú àpẹẹrẹ mi àkọ́kọ́, nítorí pé a lè tọ ipasẹ̀ ẹgbẹ́ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1944, ìjọba ilẹ̀ náà ṣe òfin ẹ̀kọ́ ńlá kan. Òfin yìí ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ láti ka àwọn ọmọ kan sí aláìṣeékọ́, kí a sì lé wọn kúrò lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ pátápátá. Judy Fryd jẹ́ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Felicity ni orúkọ ọmọ náà. Ní 1946, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Nursery World, ó ní kí àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ náà kàn kọ̀wé sí òun. Wọ́n sì kọ ọ́. Láti inú lẹ́tà wọn ni ẹgbẹ́ àwọn òbí ti jáde, òun náà ni ó di èyí tí a mọ̀ sí Mencap lónìí.

Ìjọba kọ́ ni ó yan obìnrin yìí, kò sì sí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Àfínnúfíndọ̀ṣe ni. Ṣùgbọ́n irú àfínnúfíndọ̀ṣe wo? Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀wẹ̀ àti àáró. Nínú ọ̀wẹ̀, ènìyàn péjọ láti bá ẹnìkan ṣiṣẹ́, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì túká. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ roko lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́la. Àáró ni àwọn òbí wọ̀nyí ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó wá ṣàánú ẹnìkejì rẹ̀ nínú wọn. Ẹrù kan náà ni ó wà lórí gbogbo wọn. Agbára ẹgbẹ́ náà nìyẹn.

Wọn kò fi mọ sí kí wọ́n máa tu ara wọn nínú. Ní 1958, ẹgbẹ́ náà fi owó ti ìwádìí tí Jack Tizard ṣe ní Brooklands lẹ́yìn. Wọ́n kó ọmọ 16 jáde láti ilé-ìwòsàn ńlá kan lọ sí ilé kékeré, níbi tí a ti ń tọ́ wọn bí a ti ń tọ́ ọmọ nínú ẹbí. Wọ́n fi ọmọ 16 mìíràn tí ó jọ wọ́n sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ti ilé kékeré ti tẹ̀síwájú ju ti àwọn yòókù lọ. Ní 1970, ilé aṣòfin mú òpin bá kíka ọmọ kankan sí aláìṣeékọ́, àyípadà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971. Ọdún 24 ni ó wà láàrin lẹ́tà ìyá náà àti òfin yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣáájú irú ẹgbẹ́ yìí, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ohun tí orúkọ ẹgbẹ́ ń sọ

Síbẹ̀, àáró yìí ní àléébù kan. Àwọn òbí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń torí wọn ṣiṣẹ́ kò sí láàrin àwọn tí ń gbé ọkọ́.

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà jẹ́rìí sí i. Ní 1946, ọ̀rọ̀ náà 'òbí' ni ó ṣáájú nínú orúkọ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ 'òbí' kúrò, 'ọmọdé' sì kù. Ní 1981 ni 'àgbàlagbà' wà nínú orúkọ náà. Ọmọ tí a bí ní 1946 sì ti di ẹni ọdún 35 nígbà náà! Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òbí ti pàdé ní Minneapolis ní 1950 láti dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, 'ọmọdé' wà nínú orúkọ títí di 1973, kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'ọmọ orílẹ̀-èdè' rọ́pò rẹ̀. Lójú òbí, ọmọ kì í dàgbà. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà lè di ògiri.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ògiri ni ó wó o. Ní 1974, ní Salem ní ìpínlẹ̀ Oregon, àwọn kan tí wọ́n ti gbé ilé ìtọ́jú ńlá ti ìjọba péjọ láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ, ẹnìkan nínú wọn ṣàlàyé pé ó ti sú òun kí a máa fi àìlera òun pe òun, pé ènìyàn ni òun ná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ṣe di People First, èyí tí a lè túmọ̀ sí 'Ènìyàn Ni Wá Ná'. Ní ọdún kan náà, ó ju 500 ènìyàn lọ tí ó wá sí àpéjọ wọn. Ní 1984, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó ni orí ni ó sọ bí a ó ti fá a.

Nígbà tí aṣáájú di òrìṣà

Ewu kejì wà tí ó le ju ti òbí lọ. Ní 1964, Jean Vanier, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, mú àwọn ọkùnrin aláìlera ọpọlọ wá bá a gbé ní abúlé Trosly-Breuil ní ilẹ̀ Faransé. L'Arche ni orúkọ ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ayé ka Vanier sí ẹni mímọ́. Ó kú ní 2019. Ní 2020, L'Arche fúnra rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde pé ọkùnrin yìí ti lo ipò rẹ̀ láti fi ìbálòpọ̀ ni obìnrin mẹ́fà, ó kéré tán, lára. Àwọn obìnrin náà kì í ṣe aláìlera. Ìwádìí míràn tí ó jáde ní 2023 fi hàn pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni a rí kọ́? Ẹni tí kò gba owó rọrùn láti bọ. A kì í bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tí a gbà pé ó ti fi gbogbo ara rẹ̀ tọrẹ. Nínú ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò ti lè fi ẹnu ara wọn rojọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ burú ju ibòmíràn lọ. Àfínnúfíndọ̀ṣe kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí a kì í bi léèrè.

Bí a ṣe lè pín àga

Àwọn ọ̀nà kan wà tí a lè gbà ṣe é. Èkíní ni ìwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, òfin pa á láṣẹ pé, nínú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìpín 60 nínú 100 ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà náà àti àwọn ẹbí tàbí alágbàtọ́ wọn, àwọn tí ó ni ín fúnra wọn sì ní ìpín tiwọn tí ẹbí kò lè gbà.

Èkejì ni èdè, ibí sì kan iṣẹ́ tiwa. Àga láìsí òye kò ju àga lásán lọ. Ẹ fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́; kí gbólóhùn inú rẹ̀ kúrú; kí àwòrán ràn án lọ́wọ́; kí olùrànlọ́wọ́ jókòó ti ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ irú People First a máa ní olùbádámọ̀ràn tí kò ní ìpèníjà náà, ṣùgbọ́n àmọ̀ràn ni tirẹ̀, ìpinnu kọ́.

Ẹ̀kẹta ni sáà. Kí alága, akọ̀wé àti akápò mọ ọjọ́ tí wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gùn ún. Bí ọ̀rọ̀ tí a ń jíròrò bá kan ọmọ alága ní tààrà, kí alága bọ́ síta kí a tó dìbò.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́, tí kò lè dìbò, tí kò mọ ọjọ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ sá fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bẹ, ẹlòmíràn ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ fún un títí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ní oyè kan fún ẹni tí ń jókòó sórí ìtẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: adelé ni. Adelé ń dá ẹjọ́, ó ń gba àlejò, ìlú sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àga náà ní olúwa. Bí ẹni náà bá lè fi ojú, ọwọ́ tàbí ẹ̀rín sọ ohun kékeré kan, iṣẹ́ adelé ni láti kọ́ èdè náà.

Àgbálọgbábọ̀

Nílé wa níbí, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ní oṣù kìíní 2019, òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn. Kò lè fa ènìyàn wọlé. Àwọn òbí, ará ìjọ, olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọjọ́ Sátidé wọn ṣiṣẹ́ ni yóò ṣe èyíinì. Mo yìn wọ́n, mo sì fẹ́ fi ìbéèrè kan lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tí ó ń gbà oorun lójú òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé, bí mo bá kú, ta ni yóò dúró fún un? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Judy Fryd kú ní 2000, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè òbí náà kò sí lọ́wọ́ aṣáájú kan tí ó dára jù. Ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ inú rẹ̀, tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún péjọ, kí ẹ tó ka ìwé ìpàdé tó kọjá, ẹ kọ́kọ́ wò yíká: ṣé olórí wà níbí?