Ọkọ̀ Dúró, Èrò Kò Dúró

Ẹni tó bá ti wọ dáńfó l'Ékòó rí ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ń sáré bọ̀ láti Òṣòdì, ọlọ́kadà kan já síwájú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, gbogbo èrò sì dà síwájú. Kíá ni ẹnìkan á ké mọ́ ọn pé: "Ṣé o fẹ́ sọ wá nù ni?"

Dẹ́rẹ́bà kò sọ ẹnikẹ́ni nù. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, èrò, àpò gàrí àti fóònù inú rẹ̀ jọ ń sá eré yẹn ni. Táyà ni bíréèkì mú, kò mú èèyàn. Ara á máa bá ìrìn tirẹ̀ lọ títí ìjókòó iwájú tàbí gíláàsì yóò fi dá a dúró.

Inertia ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pe ìwà yìí. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1687: ohun tó jókòó kì í dìde, ohun tó ń lọ kì í dúró, kì í sì í yà, àfi bí ipá kan bá kàn án láti ìta. Ẹ lè ní bọ́ọ̀lù tí a gbá ṣe máa ń dúró? Ilẹ̀ àti koríko ló ń dì í mú. Voyager 1, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà yìn sí òfurufú lọ́dún 1977, ṣì ń lọ di òní, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tó ń tì í.

Kọ́ńdọ́ kò ka Newton, ó sì mọ̀ ọ́n. Bó bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló máa ń kọjú sí, á sì sáré díẹ̀ kó tó dúró. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ tó dúró gbagidi yóò fojú gbálẹ̀.

Ti ọmọ tí ìyá gbé lẹ́sẹ̀ ló bani lẹ́rù jù. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 bá forí sọ nǹkan, tó dúró láàárín ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọ kìló 10 yóò fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù kìló 170. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ta ni yóò gbà á?

Bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, tí Nils Bohlin ará Sweden ṣe fún Volvo lọ́dún 1959, ń so ara mọ́ ọkọ̀ kí méjèèjì lè jọ dúró. Ẹ má fi ẹyọ kan de ìyá àtọmọ pọ̀ o: ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ wá ìjókòó tirẹ̀ fún ọmọ ní ẹ̀yìn inú ọkọ̀.