Bí Oògùn Àtọ̀gbẹ Kò Bá Ran Àgbàlagbà: Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Béèrè

Ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀ràn kan wò. Ìyá ọlọ́jà kan tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún ń mu omi láìdákẹ́, ó sì ń dìde tọ̀ lóru lemọ́lemọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí ṣúgà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní hóró oògùn. Ó ń lò ó déédéé, ó sì fi ohun dídùn sílẹ̀. Síbẹ̀, ṣúgà kò wálẹ̀, ó sì ń rù. Àwọn kan nínú ilé ní ó ń jẹ àdídùn ní kọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ayé ni. Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ?

Oríṣi méjì tí ó fara jọ ara wọn

Ínsúlínì ni ó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù ni ó ń pèsè rẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àgbàlagbà, ínsúlínì ṣì wà, ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa. Nínú oríṣi kìíní, àwọn ọmọ-ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, a máa ba ibi tí ínsúlínì ti ń wá jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọdé nìkan ni oríṣi kìíní ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ó lè yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, tí hóró oògùn yóò fi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ó tó kùnà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1997, nǹkan bí ẹni 10 nínú 100 tí a kà sí oríṣi kejì ni ó ní àmì ogun yìí nínú ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò náà

Àmì náà ni dókítà ń pè ní áńtíbọ́dì. Áńtíbọ́dì GAD ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n lè wá IA-2 àti ZnT8. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n ń fà, kò sì gba ààwẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ń ṣe é, ó sì ń náni lówó. Nítorí náà, bí aláìsàn bá tín-ín-rín, tí ó ń rù, tí oògùn kò sì ràn án, ẹ bi dókítà bí ó bá yẹ, àti ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí.

Bí wọn kò bá rí áńtíbọ́dì kankan, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí àwọn díẹ̀ ní oríṣi kìíní láìní in. Dókítà lè tún wọn C-peptide, tí ń fi hàn bí ara ṣe ń pèsè ínsúlínì tó.

Ẹ má ṣe fi falẹ̀

Bí oníṣúgà bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tí ó pọ́n jù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de èsì àyẹ̀wò kankan.

Kí a tó kọ́kọ́ fi ínsúlínì tọ́jú aláìsàn ní ìlú Toronto ní ọdún 1922, ikú ni oríṣi kìíní máa ń yọrí sí. Lónìí, ẹni tí ó ní in lè dàgbà dàgbà, bí kò bá fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àgbo tàbí ìlérí ìwòsàn òjijì.

Ìyá ọlọ́jà wa kò jalè àdídùn, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé oògùn tí ó bá àrùn rẹ̀ mu ni kò tíì rí. Dípò kí a máa dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bá a béèrè. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.