Wúrà Tí Ń Sọ Ìmọ́lẹ̀ Di Iná Mànàmáná

Ife dígí kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ará Róòmù ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlù ú láti ìta, àwọ̀ ewé ni ojú ń rí. Bí wọ́n bá gbé iná sínú rẹ̀, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Ẹ̀rún wúrà àti fàdákà tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà nínú dígí náà.

Nínú wúrà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà tí wọn kò so mọ́ ojú kan. Ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ ìgbì. Nígbà tí ìgbì yìí bá kan ẹ̀rún wúrà tín-ń-tín, gbogbo wọn á máa mì síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí omi inú igbá tí ẹni tí ó rù ú ń sáré. Bí mímì wọn bá bá ti ìmọ́lẹ̀ mu, wúrà á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Agbára tí wúrà gbé mì á bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀, wọ́n á sì gbóná ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Agbára náà kò tó láti lé wọn jáde sínú òfuurufú. Ṣùgbọ́n bí wúrà bá wà lórí sílíkọ́nì, odi tí ó là wọ́n láàárín kúrú. Àwọn kan lè fò ó, iná yóò sì máa ṣàn. Ní 2011, Mark Knight, Naomi Halas, Peter Nordlander àti akẹgbẹ́ wọn ní Rice University, ní Houston ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá wúrà kéékèèké ṣe é. Sílíkọ́nì fúnra rẹ̀ kì í sọ ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju nǹkan bí 1,100 nànómítà lọ di iná. Wúrà ni ó là á lójú. Bí wọ́n bá yí gígùn ọ̀pá padà, irú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà á yí padà pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá ń retí pé èyí yóò rọ́pò àwo sílíkọ́nì orí òrùlé ní láti ní sùúrù. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti kọlu ara wọn, wọ́n ti tutù. Díẹ̀ péré ni ó ń dé òdìkejì odi.