Ṣé O Mọ Ibi Tí Man O' War Ti Wá?

Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn agùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Kogí lọ kí wọ́n tó pín wọn káàkiri? Asaya ni, ní Kàbà, nílẹ̀ Okun wa níbí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ Èkó, ọmọ Ẹnúgu, ọmọ Sókótó, ìdájí ni fèrè ń jí gbogbo wọn.

Ta ló wá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gun ògiri, bí a ṣe ń rọ̀ mọ́ okùn sọdá? Ẹgbẹ́ Man O' War ni. Wo ọmọge kan lórí okùn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti dijú. Àwọn Man O' War wà nísàlẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọn ò ní dákẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kanlẹ̀ lódìkejì. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn gan-an!

Orúkọ wọn ńkọ́? O rò pé Kàdúná ló ti wá? Rárá o! Kamẹrúùnù ni! Man O' War Bay wà létí òkun, nítòsí ìlú Victoria tó di Limbe lónìí. Abẹ́ Nàìjíríà ni apá ibẹ̀ wà nígbà náà. Alec Dickson, ará Bìrìtìkó, ló dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950.

Òkun ni kíláàsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Òkè Kamẹrúùnù náà ni kíláàsì wọn. Òkè yẹn ju mítà 4,000 lọ!

Ó tún ń yọ iná! Ó bú ní 1959. Ó bú ní 1999. Ó tún bú ní 2000.

Ní oṣù kejì ọdún 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò, wọ́n bá Kamẹrúùnù lọ. Etíkun lọ, òkè lọ. Orúkọ bá wa wálé! Lónìí, Àpápá ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ti omi. Ti òkè wà ní Shere Hills lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,800 lọ.

Dúró ná, o ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rì ló bí irú ẹ̀kọ́ yìí? Nígbà ogun Hitler, Lawrence Holt tó ni ọkọ̀ òkun ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ ló ń tètè kú. Àwọn àgbà ń yè! Òun àti Kurt Hahn wá dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní Wales, ní 1941.

Ta ni Hahn? Olùkọ́ ará Jámánì, ọmọ Júù. Ìjọba Hitler tì í mọ́lé ní 1933, àmọ́ ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1934 ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ni Philip, tó padà di ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth!

Philip náà kò jókòó lásán. Ní 1956 ó dá àmì ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀. Ta ló fi ṣe olùdarí rẹ̀? John Hunt, olórí ikọ̀ tó kọ́kọ́ débi ṣóńṣó Everest ní 1953!

Àmì ẹ̀yẹ yẹn ti dé Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 14 sí 24 ló wà fún. Ẹni tó bá ń wá ti wúrà yóò rin ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin, yóò sun òru mẹ́ta síta. Òkè kò sì wọ́n wa nílẹ̀ Okun. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?