Kọ̀ǹpútà ṣi owó kà, àwọn aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá ka owó yín tó pé, tí ẹ̀rọ wá sọ pé kò pé, ta ni adájọ́ yóò gbà gbọ́? Ní Ìlú Ọba, ẹ̀rọ ni wọ́n gbà gbọ́, ó sì tó bí ogún ọdún tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, àwọn tó lé ní 900 tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé wọ́n jalè tàbí pé wọ́n kọ ìṣirò èké. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn kan pàdánù ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú owó tí wọ́n ní wọ́n jí yìí kò sọ nù rárá. Inú kọ̀ǹpútà ló ti dín.

A mú ìtàn yìí wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́hùn-ún kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lásán. Ibẹ̀ ni àwọn arúgbó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó iná, ibẹ̀ náà ni ẹlòmíì ń fi owó pamọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, inú ṣọ́ọ̀bù kan ló máa ń wà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti wàrà náà ló ń jókòó sídìí káńtà ìfìwéránṣẹ́. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Oníṣòwò aládàáni ni, tó bá ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé àdéhùn yìí ni ilé-iṣẹ́ náà gbá mú, tó fi ń sọ pé bí owó bá dín, kí ẹni náà fi ti àpò ara rẹ̀ dí i.

Ìwé àti bírò ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe ìṣirò tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé kọ̀ǹpútà sí gbogbo ẹ̀ka. Horizon ni orúkọ ètò ìṣirò tó wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Fujitsu ilẹ̀ Japan ló sì ṣe é. Láìpẹ́, owó bẹ̀rẹ̀ sí dín káàkiri.

Jo Hamilton ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní abúlé South Warnborough, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ sọ pé owó rẹ̀ fi nǹkan bí 2,000 pọ́n-ùn dín. Ó pe àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ lórí fóònù. Wọ́n ní kó tẹ èyí, kó tẹ tọ̀hún. Ó ṣe bí wọ́n ṣe wí, bẹ́ẹ̀ ni 2,000 di 4,000 lójú rẹ̀ kòrókòró. Nígbà tó yá, gbèsè tí wọ́n kà sí i lọ́rùn di 36,000 pọ́n-ùn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 25 CFA. Ó fi ilé rẹ̀ yá owó kó lè san án.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká là yé yín. Bí àsìkò ìṣirò bá pé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀rọ pé owó tó wà lọ́wọ́ òun bá ti inú kọ̀ǹpútà mu. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní lè ṣí káńtà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìrètí pé àṣìṣe náà yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Títẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wá pè ní ìṣirò èké. Hamilton gbà pé òun jẹ̀bi ìṣirò èké, kí wọ́n lè yọ ẹ̀sùn olè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ará abúlé rẹ̀ kò gbà pé ó jalè. Wọ́n dá owó jọ fún un, wọ́n sì kún ilé ẹjọ́ bámúbámú lọ́jọ́ ìdájọ́. Kò lọ sẹ́wọ̀n.

Seema Misra kò ríbi yọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 15, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó máa fi bí ọmọ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí adájọ́ fi gbà á gbọ́?

Àwọn àgbà wa ní àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkan ṣoṣo tí àwọn adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà.

Òfin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Lọ́dún 1984, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́dún 1999, àwọn aṣòfin fagi lé apá òfin yẹn. Láti ìgbà náà, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ kò ní àbùkù, àfi bí ẹlòmíì bá fi àbùkù rẹ̀ hàn. Ọdún tí Horizon dé náà nìyẹn. Báwo ni ẹni tó ń ta búrẹ́dì yóò ṣe fi àbùkù kọ̀ǹpútà tí kò mọ inú rẹ̀ hàn?

Yàtọ̀ sí èyí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lágbára láti gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, láìkọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá. Òun ló ni owó tó sọ nù, òun ló wádìí, òun náà ló pe ẹjọ́. Bí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá sì pè láti fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní òun nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Kálukú wá jókòó sílé rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, wọn kò mọ̀ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ni.

Ilé-iṣẹ́ náà tún ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sẹ́ni tó lè ti ibòmíì wọ inú ìṣirò ẹ̀ka kan. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ló tó jẹ́wọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ṣe é, kí ẹni tó ni káńtà má sì mọ̀.

Ẹni tó kọ̀ láti dákẹ́

Alan Bates ń bójú tó ẹ̀ka kan ní Llandudno, ní ilẹ̀ Wales. Ó kọ̀ láti san owó tí kò jẹ. Lọ́dún 2003, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Lọ́dún 2009, ìwé ìròyìn Computer Weekly gbé ìtàn èèyàn méje jáde. Ọdún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pàdé nínú gbọ̀ngàn abúlé kan tó ń jẹ́ Fenny Compton. Ibẹ̀ ni kálukú ti rí i pé òun nìkan kọ́.

Àwọn 555 ló jọ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Fraser sọ pé àbùkù wà nínú Horizon, ó sì fi ilé-iṣẹ́ náà wé ẹni tó ṣì ń jiyàn pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san nǹkan bí mílíọ̀nù 58 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn tó yá wọn lówó ẹjọ́ ti mú tiwọn, nǹkan bí 20,000 pọ́n-ùn péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lóṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wẹ èèyàn 39 mọ́, Hamilton àti Misra wà lára wọn.

Àwọn olóṣèlú ńkọ́? Ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ Labour, Conservative àti Liberal Democrat ni wọ́n ti ní mínísítà tó ń bójú tó o láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Lọ́dún 2010, mínísítà Ed Davey kọ́kọ́ kọ̀ láti rí Bates, kó tó wá gbà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Lọ́dún 2024 ló tọrọ àforíjì.

Kí ló wá jí ìjọba? Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ ITV fi ìtàn Bates hàn fún alẹ́ mẹ́rin, ìlú sì gbaná jẹ. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Paula Vennells, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó dá oyè náà padà. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ilé aṣòfin ti ṣe òfin tó wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò tiwa ni pé ohun ìtìjú ni èyí. Adájọ́ ti sọ òtítọ́ láti ọdún 2019. Ìgbà tí ìbínú ará ìlú fẹ́ kan ìbò ni àwọn olóṣèlú tó sáré.

Àwọn kan kò dúró rí i. Nínú ìròyìn tí Sir Wyn Williams, adájọ́ tó fẹ̀yìn tì tó ń darí ìwádìí náà, gbé jáde lóṣù keje ọdún 2025, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èèyàn 13, ó kéré tán, ló gbẹ̀mí ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin lè wẹ orúkọ òkú mọ́. Kò lè jí i dìde.

Kí la rí kọ́?

Lójú pópó Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, káńtà kékeré tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù pọ̀ lónìí. Iṣẹ́ tó dára ni, a kò sì sọ pé ẹ̀rọ burú. Àmọ́ ẹ̀yin tó ń ṣe é, ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Bí iye tó wà nínú ẹ̀rọ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má ṣe yára gbà pé ẹ jẹ̀bi, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin nìkan ló ń ṣe, ẹ lọ wádìí bóyá òótọ́ ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìlú Ọba tó ogún ọdún lóòótọ́, àwọn èèyàn tó pinnu láti pàdé nínú gbọ̀ngàn abúlé kan ló sì jẹ́ kí òtítọ́ lè bá a.