Èédú Inú Ilé Òròmọdìẹ: Ewu Tí Kò Rú Èéfín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ti sin òròmọdìẹ rí ni ó mọ̀ pé òtútù ni ọ̀tá wọn àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà, a lè máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, èédú ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lò. Nígbà ọyẹ́, wọn a gbé ìkòkò èédú wọlé, wọn a fi àpò àti ọ̀rá dí gbogbo ojú ihò, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ tẹ́ ẹní síbẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ iná. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ohun tí mo rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo lọ bẹ ìyá kan wò lóko rẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun ní òròòwúrọ̀, èébì sì ń gbé òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti jáde sí oko fún ìgbà díẹ̀, ara òun a yá. Ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í léèrè ibi tí ó ń sùn. Ó ní ilé òròmọdìẹ ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rí ìkòkò èédú méjì, a sì ti fi ọ̀rá bo fèrèsé. Òròmọdìẹ mélòó kan ti kú, àwọn mìíràn ń tòògbé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn síbí mọ́."

Ó dáhùn pé, "Ọmọ mi, èéfín dà níbẹ̀? Ìgbà tí èédú bá pọ́n dáadáa níta ni mo tó ń gbé e wọlé."

Nítorí ìdáhùn yìí ni mo ṣe kọ ìwé yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń pani

Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín a máa ta ni lójú, a sì sá fún un. Ṣùgbọ́n èyí kì í kìlọ̀. Èédú tí ó pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì ń tú u jáde. Ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Afẹ́fẹ́ olóró yìí a sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju ọ́síjìn lọ. Nítorí náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti gba ààyè ọ́síjìn. Orí a máa fọ́ ni, òòyì a máa kọ́ ni, èébì a máa gbé ni. Ẹni tí ó bá wà lójú oorun sì lè kú láìjí. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún aboyún, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

1. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn níbi tí èédú ti ń jó. Ẹ sùn sí ibòmíràn, kí ẹ máa gba iṣẹ́ ìṣọ́ náà fún ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀.

2. Ẹ dí ìsàlẹ̀ ògiri kí atẹ́gùn má fẹ́ lu àwọn òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi òkè ògiri sílẹ̀ ní ṣíṣí ní ìhà méjèèjì. Bí òròmọdìẹ bá kó ara jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, ooru pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ń tòògbé ṣáá, ẹ tètè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

3. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù.

4. Irú afẹ́fẹ́ olóró yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde. Ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò tàbí olè. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde má sì kọjú sí ilé. Ẹgbẹ́ lè pawọ́ pọ̀ ra páànù, kí wọ́n fi bo orí òpó mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ṣẹ́ẹ̀nì de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé ẹni náà jáde kíákíá, ẹ má sì dúró nínú ilé náà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n lè fún un ní ọ́síjìn. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Kò lè lé oró náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yí ibùsùn padà, ó sì ṣí òkè ògiri ilé òròmọdìẹ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí fífọ́ náà lọ. Owó adìẹ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ná an ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàyè. Ẹ ka ìwé yìí sétí ẹni tí kò mọ̀wé.